Bí gílóòbù mítà ọkọ̀ bá kú, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀

Ẹ̀yin ará, bí gílóòbù kan bá kú lẹ́yìn mítà ọkọ̀ yín, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ pààrọ̀ gbogbo èyí tó ń tànmọ́lẹ̀ sí ojú mítà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì dán wọn wò kí ẹ tó dá síkúrù kankan padà. Wọ́n jọ ń tàn, wọ́n jọ ń gbó ni. Bí ọ̀kan bá ti lọ, àwọn yòókù kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Títú dáṣíbọ́ọ̀dù ni wàhálà gan-an, gílóòbù fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ gbogbo ojú mítà ló ṣókùnkùn, ẹ kọ́kọ́ yẹ fíúsì wò, àti ibi tí a ti ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù: ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló yí i wálẹ̀. Ẹ yọ wáyà nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn mítà, ẹ yí ìdè gílóòbù sápá òsì díẹ̀, á jáde. Ẹ fi tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà sí i, ẹ so bátìrì padà, kí ẹ tan iná ọkọ̀ wò. Bí ẹ bá lo gílóòbù LED, irú tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí kò sì tàn, ẹ yọ ọ́, kí ẹ yí i sódì kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó ní apá tí iná gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, òjé ni wọ́n fi lẹ iná mọ́ bọ́ọ̀dù mítà. Ìyẹn kò ṣeé yí yọ, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ òjé jó.