Gọ́tà yín dí, omi ń wọlé: bí àdúgbò ṣe lè bá káńsù ṣiṣẹ́ pọ̀ l'Óṣogbo

Tí òjò bá ti ṣú báyìí, ẹni tó ń gbé níbi tó lọ sílẹ̀ l'Óṣogbo á ti máa gbé àpò ìrẹsì kúrò nílẹ̀, á gbé fìríìjì lé orí búlọ́ọ̀kù, á sì dúró de omi. Tómi bá wá wọlé tán, gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé káńsù ò ṣe nǹkan kan. Èmi náà sọ ọ́ títí, ọdún bíi mélòó kan, kó tó di pé àdúgbò wa jókòó tá a ní ká lọ bá wọn fúnra wa. Ohun tí mo rí ni pé àdúgbò tó bá kó ara rẹ̀ jọ, tó gbé ìwé dání, tó sì mọ nǹkan tó fẹ́ gan-an, wọ́n máa ń dá a lóhùn. Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ káńsù tó ni yín. Òṣogbo ò ní káńsù kan ṣoṣo o, méjì ló wà nínú ìlú: káńsù Òṣogbo, Òkè Báálẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn wà, àti káńsù Ọlọ́rundá tó wà ní Ìgbọ̀nà. Àìmọye èèyàn ló ti lọ jókòó sí èyí tí kì í ṣe tiwọn látàárọ̀ dọ̀sán. Tí ò bá dá yín lójú, ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń dìbò nítòsí ilé, ẹ béèrè wọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́ọ̀dù yẹn ló máa sọ káńsù fún yín, òun náà ló máa sọ kánsẹ́lọ̀ yín.

Ẹ tún bi ara yín léèrè bóyá iṣẹ́ káńsù ni. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, níparí ìwé yẹn, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn káńsù, sílẹ̀: òpópónà kéékèèké àti gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó ìdọ̀tí, ọjà, gáréèjì, ilé ìgbẹ́ tí gbogbo èèyàn ń lò, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Àmọ́ àwọn ọ̀nà ńláńlá kan jẹ́ ti ìpínlẹ̀, àwọn míì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, alága káńsù ò lè dá fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí kánsẹ́lọ̀ tọ́ka ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ.

Ó wá kan ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe ti àwọn lándílọ́ọ̀dù nìkan. Ìpàdé wa àkọ́kọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá kan la ti ṣe é, àwọn onílé ti sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan lórí gọ́tà iwájú mọ́sálásí kí ìyá tó ń dín àkàrà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò tó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú, ibẹ̀ kọ́ lomi ti ń yà. Abẹ́ kọ́fátì yẹn ló ti dí. Èmi ni mo máa ń wà níbẹ̀ láago márùn-ún ìdájí." A gbé tọ́ọ̀ṣì, a mú igi ọparun kan, a tì í bọ abẹ́ kọ́fátì, ìyẹn ihò tómi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, kò wọlé ju gígùn apá kan lọ tó fi gbá nǹkan. Nígbà tá a fa díẹ̀ jáde, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, yanrìn, àti táyà ọ̀kadà kan tó ti ń jẹrà. Ayálégbé ni ìyá yẹn, ká ní onílé nìkan la pè, ibi tí kò dí la ò bá ti lọ gbẹ́. Torí náà ẹ pe ayálégbé, ẹ pe ọlọ́kadà, ẹ pe àwọn tó ń tajà, àwọn ọmọ iléèwé tó ń gba ibẹ̀ kọjá, àlùfáà àti pásítọ̀, kí baálẹ̀ mọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ yan èèyàn márùn-ún sí méje tó máa máa lọ, kí obìnrin wà níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ wọn nǹkan. Ẹ ya fọ́tò nígbà tójò ń rọ̀ àti nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ ka ilé tómi ń wọ̀. Ẹnu kọ́fátì tiwa jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ìgbà tá a wọ̀n ọ́n kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ mọ́. Gbólóhùn kan yìí ṣiṣẹ́ ju gbogbo ẹjọ́ tá a ti ń rò látẹ̀yìn wá.

Lẹ́tà yín ò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Alága káńsù lẹ máa kọ ọ́ sí, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ àti baálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ béèrè. Tẹ́ ẹ bá béèrè gọ́tà, iná, bọ́họ̀lù àti ilé ìwòsàn pa pọ̀, wọn ò ní mọ èyí tí wọ́n á mú. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "A fẹ́ kí káńsù rán ẹnjiníà wá wo kọ́fátì tó wà níbi báyìí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa máa pèsè òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá." Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ sí rẹ́jísírì, ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà ní káńsù, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu sítáǹpù, kí wọ́n fọwọ́ sí èkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́, kẹ́ ẹ gbé tiyín padà sílé. A ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Oṣù kẹta lẹ́yìn ẹ̀ la padà dé ọ́fíìsì kan, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, kò sì sí nǹkan tá a lè fi hàn wọ́n. Ó dùn mí wọra, òjò ọdún yẹn sì bá wa níbẹ̀.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì o. Oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ni ètò ìṣúná káńsù, ìparí ọdún ni wọ́n máa ń to ti ọdún tó ń bọ̀, torí náà nǹkan tó bá máa ná owó púpọ̀, oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ní ìlú Porto Alegre ní Brazil, ọdún 1989 ni àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba ìlú jókòó pinnu nǹkan tí apá kan owó ọdọọdún máa ṣe. Kò yẹ kó jẹ́ èèwọ̀ l'Óṣogbo.

Ẹ pín iṣẹ́ náà. Nínú CSDP, ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tí Báǹkì Àgbáyé ṣe agbátẹrù ẹ̀ nílẹ̀ wa nígbà kan, àdúgbò ló ń mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ wá nígbà yẹn, bóyá lówó, bóyá ní yanrìn tàbí agbára. Ẹ̀yin lè mú ọwọ́, ṣọ́bìrì, oúnjẹ, ẹni tó máa ṣọ́ sìmẹ́ǹtì lóru. Káńsù á mú ẹnjiníà, wolé-wolé, àti pàápàá ọkọ̀ tó máa kó ẹrẹ̀ lọ. Ẹ di ọkọ̀ yẹn mú gírígírí, torí ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbẹ́ tẹ́ ẹ kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òjò kan péré ló máa dá gbogbo ẹ̀ padà. Ẹ kọ ẹni tó máa mú kíní wá sílẹ̀, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i. Owó àdúgbò, kó má wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí èèyàn méjì jọ máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n máa kà á síta ní ìpàdé.

Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ẹ̀dà tó ní sítáǹpù. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lọ. Tí wọ́n bá ní àwọn ti náwó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìwé béèrè àkọsílẹ̀ owó yẹn, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti dáhùn.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má tíì tú ká. Ẹ yan ẹni tó máa máa wo ibẹ̀, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà wolé-wolé tó ni agbègbè yín. Ọparun wa yẹn ṣì wà lẹ́yìn ìsọ̀ ìyá alákàrà. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìyá yẹn á tì í bọ abẹ́ kọ́fátì. Tó bá gbá nǹkan, á ya fọ́tò ẹ̀ sí Wọ́ńsáàpù àdúgbò, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú a ti gbé ṣọ́bìrì.