Bí A Ṣe Ń Ra Ìbọn Ìléwọ́ Aláfẹ́fẹ́ fún Ìdíje Láì Rú Òfin: Ìtọ́nisọ́nà fún Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ aláfẹ́fẹ́ fún ìdíje, tó sì ń gbé ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán tàbí ní ìlú mìíràn ní Gúúsù Kwara, gbọ́dọ̀ mọ ohun kan kí ó tó béèrè irú èyí tó dára jù tàbí iye tí wọ́n ń tà á. Orúkọ ohun èlò yìí gan-an ló ṣáájú nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọjà tí Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà kà léèwọ̀ pátápátá láti kó wọ orílẹ̀-èdè wa. Nítorí náà, òfin ni a kọ́kọ́ ń yanjú, kí owó tó jáde lápò. Mo fẹ́ràn eré ìdárayá yìí gidigidi, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìbọn tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 4.5, kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú rẹ̀ ló ń ti ọta òjé kékeré jáde. Ẹni tó ń yìn ín máa ń dúró ní mítà 10 sí páálí tí a ń yìnbọn sí, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ fi gbé e. Ọta 60 ni wọ́n ń yìn láàrin ìṣẹ́jú 75, bẹ́ẹ̀ ni òbìrí àárín tó ń fúnni ní máàkì 10 kò fẹ̀ ju mílímítà 11.5 lọ. Ọdún 1988 ni ìdíje yìí wọ Òlíńpíìkì, ní Seoul. Àwọn tó wo Òlíńpíìkì Paris ní 2024 yóò rántí Yusuf Dikeç, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, tó fi ọwọ́ kan sápò, tó ń fi ọwọ́ kejì yìnbọn, tí òun àti Şevval İlayda Tarhan sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà.

Òfin ohun ìjà tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà láti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí ó kà léèwọ̀, tí àwọn ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù wà lára wọn, tó sì jẹ́ pé Ààrẹ nìkan ló lè fúnni ní àṣẹ wọn. Ìkejì ni ìbọn ti ara ẹni: irú àwọn ìbọn ọdẹ òyìnbó kan, àti gbogbo ìbọn aláfẹ́fẹ́, yálà gígùn tàbí ìléwọ́. Ọ̀gá àgbà pátápátá fún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ti ìsọ̀rí yìí. Ìkẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn àkìbọ̀ mìíràn tí àwọn ọdẹ wa ń gbé kiri inú igbó Ìgbómìnà. Mo ń tẹnu mọ́ ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nítorí pé àwọn kan gbà pé ìwé àṣẹ ṣakabùlà tí bàbá wọn ní ti tó, bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀rí méjèèjì kò jọ wọ inú ìwé kan náà. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tó, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtípara, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kò lè rí ìwé náà gbà. Ọta rẹ̀ náà wà lábẹ́ òfin yìí, kì í ṣe ìbọn nìkan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rí i kà pé ọlọ́pàá lè fúnni ní ìwé àṣẹ ìbọn aláfẹ́fẹ́, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Níní nǹkan lọ́wọ́ ọ̀tọ̀, kíkó o wọlé láti ìlú òkèèrè ọ̀tọ̀. Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kò sọ ohun tí aṣọ́bodè kà léèwọ̀ di ohun tó ṣe é kó wọlé. Fún ìdí èyí, ẹ má ṣe rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra yín, ẹ má ṣe ní kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi í pamọ́ sáàárín aṣọ nínú dúrọ́ọ̀mù tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ẹ má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e gba ẹnubodè Chikanda wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọn yóò gba ìbọn náà, ẹ̀yin náà yóò sì máa jẹ́jọ́ ohun ìjà, ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀wọ̀n ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti oṣù díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín tó wà lókè òkun lè sọ pé wọn kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ òun, òótọ́ ló sì ń sọ nípa ibi tó wà. Ní England, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 lè ra ìbọn ìléwọ́ aláfẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò tó 6 foot-pound (ìwọ̀n agbára tí ìbọn fi ń ti ọta jáde) láì gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní Scotland, ìwé àṣẹ ti di dandan láti ìparí ọdún 2016. Ní Jámánì, èyí tí agbára rẹ̀ kò ju júùlù 7.5 lọ (júùlù náà jẹ́ ìwọ̀n agbára), tí wọ́n sì tẹ lẹ́tà F sí lára, ẹni ọdún 18 lè rà á. Òfin ibẹ̀ kò bá ọjà náà wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Nàìjíríà. Ọmọ Kwara tó ń gbé lọ́hùn-ún, tó sì fẹ́ máa díje, kí ó rà á lọ́hùn-ún, kí ó fi í sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ ayìnbọn rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ wálé ọdún.

Èyí tó kù fún ẹni tó wà nílé ni pé kí ìbéèrè má ṣe jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kó ara yín jọ bí ẹgbẹ́, ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó eré ìdárayá ní ìpínlẹ̀ Kwara dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń darí ìbọn yíyìn ní orílẹ̀-èdè, kí ó jẹ́ pé orúkọ àjọ ni ìwé náà yóò fi dé Àbújá. Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò ló ń fúnni ní ìwé tí wọ́n ń pè ní End User Certificate, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹni tí yóò lo ẹrù náà gan-an, fún irú ẹrù tí ìjọba ń ṣọ́ báyìí. Ẹ kọ̀wé lọ́tọ̀ sí Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè láti béèrè bóyá wọn yóò yọ̀ǹda ẹrù àjọ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu àhesọ ni wọn yóò ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí ìwé náà kún. Ẹ kọ orúkọ olùṣe, irú ìbọn náà, ìwọ̀n ẹnu rẹ̀, agbára rẹ̀ ní júùlù, iye tí ẹ fẹ́, ibi tí ẹ ó tì í mọ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìdíje tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún. Ẹ so ojú ewé tí olùṣe ti kọ agbára ìbọn náà mọ́ ọn. Ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí déètì sì hàn lára òǹtẹ̀ náà ketekete. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún olùtajà kí èsì tó dé lórí ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe àṣẹ, ẹni yòówù kó sọ ọ́. Bí èjẹ́ǹtì kan bá ní òun mọ ẹni tí yóò bá yín gbé e kọjá, tàbí tó ní kí ẹ kọ “ohun ìṣeré” tàbí “spare parts” sára ẹrù, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Bí èsì bá jẹ́ rárá, rárá náà ni.

Bí àṣẹ bá dé, tàbí tí ẹ bá wà níbi tí òfin ti fàyè gbà á, ó wá kan yíyàn. Àwọn tí orúkọ wọn ń hàn jù ní orí ìlà ìdíje ni Steyr ti Austria, Walther àti Feinwerkbau ti Jámánì, Morini ti Switzerland àti Pardini ti Ítálì. Gbogbo wọn ló dára dé ibi tí orúkọ kò fi ní sọ ẹni tí yóò borí. Mùkù ìbọn ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò, ìyẹn igi tí ọwọ́ ń dì mú. Ó ní ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ní ti ọwọ́ òsì, ó sì ní kékeré, àárín àti ńlá. Ẹ dì í mú, ẹ di ojú, ẹ gbé apá sókè, kí ẹ wá la ojú: bí àmì iwájú tí a fi ń wo páálí kò bá bọ́ sí àárín àlàfo àmì ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, mùkù yẹn kò tíì bá ọwọ́ yín mu. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fi ráàsìpù ha ibi tó bá yọ gọngọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìdíje kò gbà kí mùkù dé orí ọrùn ọwọ́.

Ìbọn náà kò gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 1,500 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí tó gùn ní mílímítà 420, tó ga ní 200, tó sì fẹ̀ ní 50. Tírígà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé gíráàmù 500 ó kéré tán. Adájọ́ yóò na ẹnu ìbọn sókè gangan, yóò sì fi òṣùwọ̀n náà kọ́ tírígà. Bí ìbọn bá dún kí òṣùwọ̀n tó kúrò nílẹ̀, ìbọn yẹn kò kúnjú ìwọ̀n. Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ ní kí olùtajà ṣe ìdánwò yìí lójú yín.

Sílíńdà afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ ronú sí jù, torí ibi tí a wà. Ọ̀pọ̀ ìbọn òde òní ń lo sílíńdà tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sí dé 200 bar, ìyẹn ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe há tó. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn fọganáísà wa, irú èyí tó wà káàkiri ojú ọ̀nà Táíwò, kò lè dé ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ẹ má ṣe dán ọ́ksíjìn àwọn aláwẹ́dà wò láéláé, bẹ́ẹ̀ ni ti ilé ìwòsàn: bí ọ́ksíjìn tó há mọ́ ibi kan bá kan òróró díẹ̀ péré, ó lè bú gbàmù mọ́ yín lọ́wọ́. Pọ́ńpù ọlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, tó ní ohun tó ń sẹ́ omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, ló tọ́. Ẹ tún ka déètì tí wọ́n tẹ̀ sára sílíńdà, nítorí ọdún mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ olùṣe fi lélẹ̀ fún un, ẹni tó ń díje ló sì ni ẹ̀bi bí ó bá ti kọjá àkókò.

Ní tèmi, fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń fi apá irin ara rẹ̀ fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ọta kọ̀ọ̀kan dára jù, irú bí Feinwerkbau 103 àtijọ́ tàbí IZH-46M ti Rọ́ṣíà. Ó ń rẹni lápá, àmọ́ kò sí sílíńdà tí déètì rẹ̀ yóò kọjá, kò sì sí àríyànjiyàn ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ kí sílíńdà ṣófo kí ó tó wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọta tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ rà, nítorí ó ń gé ihò róbótó sí páálí tí adájọ́ lè kà láì ṣiyèméjì.

Níbi gbígbé e kiri, ẹ rántí pé láti ọ̀kánkán, kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ láàrin rẹ̀ àti ìbọn ẹlẹ́tù. Ọkàn àwọn ará Gúúsù Kwara kò balẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Sójà, ọlọ́pàá àti fijilanté tó ń dá ọkọ̀ dúró láàrin Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán kò ní ní sùúrù láti gbọ́ àlàyé ìdíje. Kí ìbọn wà nínú àpótí tó ní àgádágodo, nínú búùtù, kí ọta wà lọ́tọ̀, kí ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́ yín níwájú ọkọ̀. Kí ẹ tó na ọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ohun tó wà nínú búùtù.

Ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá ń retí èsì ìwé, apá àti ojú ṣe é kọ́ láì sí ìbọn. Ẹ lẹ páálí mọ́ ògiri ní gíga mítà 1.4, ẹ dúró ní mítà 10 sí i, ẹ gbé ìgò omi lítà kan ní ọwọ́ kan, kí apá nà gbọọrọ, kí ọwọ́ kejì sinmi nínú àpò tàbí nínú bẹ́líìtì. Ìgò náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìwúwo ìbọn gidi. Ẹ dì í mú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ẹ sọ apá kalẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe.