Inú Lílọ́ Lójú Ọ̀nà Ìkòròdú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ìdájí ni mo ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Bí ọkọ̀ bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mile 12 báyìí, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ìgbẹ́ á máa gbọ̀n mí. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ikùn mi á wú bí ìlù, n kò ní rí ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Dókítà yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kò sí egbò, kò sí kòkòrò àrùn, pé IBS ni, ìyẹn àìsàn tí ìfun kì í fi í ṣiṣẹ́ déédéé. Ìyá mi ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, wọ́n ní kí n máa mu àgbo.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ Màmá. Àgbo tó ń múni yàgbẹ́ kò lè wo èyí, ó tún lè dá kún un ni. Ìfun yín ló ń tètè gbọ́ ìrora: gáàsì díẹ̀ tí ẹlòmíràn ò ní mọ̀ pé ó wà nínú òun, á ti máa dùn yín. Ọpọlọ àti ìfun sì jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí àníyàn pé ẹ ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ fi ń já sí ikùn.

Ìbéèrè: Kí ni kí n má jẹ mọ́? N kì í jẹ nǹkan kan láàárọ̀. Alẹ́ ni mo ń jẹ ẹ̀wà àti burẹ́dì yó.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ díẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láti lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó jáde, torí oúnjẹ àárọ̀ máa ń ta ìfun jí. Kí oúnjẹ alẹ́ kéré, kó sì yá.

Ẹ̀wà, burẹ́dì, àlùbọ́sà, aáyù, mílíìkì àti máńgòrò ní àwọn ṣúgà kan tí ìfun kékeré kì í gbà tán. Bí wọ́n bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó ń gbébẹ̀ á sọ wọ́n di gáàsì. Àwọn olùwádìí Monash University ní Ọsirélíà ló pè wọ́n ní FODMAP. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, kí ẹ wá dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ ohun tí inú ṣe sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa bá yín jà, ẹ má sì fi ebi pa ara yín títí ayé nítorí ọ̀kan.

Àlùbọ́sà ló ṣòro jù, torí ta ló ń se ọbẹ̀ láìlọ̀ ọ́ mọ́ ata? Ẹ din án lódidi nínú òróró kí omi tó kàn án, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Ṣúgà náà kì í yọ́ sínú òróró, adùn nìkan ló máa kù. Ẹ ṣe aáyù náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì bu díẹ̀.

Ìbéèrè: Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ máa jẹ ẹ́. Iṣu àti ẹja kì í sábà fa wàhálà. Ata rẹ̀ ni kí ẹ dín kù.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n padà lọ rí dókítà?

Ìdáhùn: Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí ibà bá ń ṣe yín pẹ̀lú rẹ̀, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń jí yín lójú oorun. IBS kì í sábà fa ìwọ̀nyí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.