Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ PhD l'Ékòó? Bẹ́ ẹ ṣe máa múra sẹminá àkọ́kọ́ rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmíṣọ̀n, yálà UNILAG ní Akọkà ni o, tàbí LASU ní Ọ̀jọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dúró dìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí yín bá parí kẹ́ ẹ tó gbé e síwájú èèyàn. Sẹminá, ìyẹn ìpàdé tẹ́ ẹ ti máa ṣàlàyé iṣẹ́ yín fáwọn olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín, wà káwọn ẹlòmíì lè bá yín rí ibi tí iṣẹ́ yín ti ń jò nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ ò tíì gba wàhálà. Ìbéèrè yín lẹ máa gbé lọ, àti ìwọ̀nba ohun tẹ́ ẹ bá ti ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìbéèrè yẹn kéré. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ìrìnnà l'Ékòó lẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, kò lè lópin láéláé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ mọ bí àwọn dẹrẹ́bà dánfó tó ń ná Yábàá sí CMS ṣe ń pinnu owó ọkọ̀ látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ mọ gáráàjì tẹ́ ẹ máa dúró sí, ẹ sì mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kíkà látibẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ kà á fún ẹni tí kì í ṣe ará dẹpátimẹ́ǹtì yín, ẹ̀gbọ́n yín tó ń tajà ní Balógun náà tó bẹ́ẹ̀. Tí kò bá yé wọn, ẹ padà lọ tún un kọ.

Tẹ́ ẹ bá ń kàwé, ẹ máa kó gbogbo ẹ̀ sínú Zotero, ìyẹn app tó ń bá èèyàn tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé tó kà, látọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni, torí ìyà gidi ni kéèyàn máa wá ibi tó ti ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọdún méjì. Lábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí wọ́n bèèrè, bí wọ́n ṣe ṣe é, àtohun tí wọn ò fọwọ́ kàn. Èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́.

Sùpáfáísọ̀, olùkọ́ tó ń darí ìwádìí yín, ńkọ́? Ẹ má lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo. Ojú ìwé méjì tẹ́ ẹ kọ sàn ju wákàtí kan tẹ́ ẹ fi ń ṣàlàyé lẹ́nu lọ, torí Prof á rí nǹkan fi bírò sí. Tí iṣẹ́ yín bá sì kan èèyàn, ẹ tètè wá ìwé àṣẹ ethics, tó ń fi hàn pé ìwádìí yín ò ní pa ẹnikẹ́ni lára, kẹ́ ẹ tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Fún ọ̀rọ̀ ìlera, ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní àṣẹ yìí wà ní LUTH, ọsibítù UNILAG ní Ìdí-Àràbà, ó sì wà ní NIMR, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá.

Ó wá ku sẹminá fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 15, sláìdì bíi 10 ti tó, ẹ má kó odidi orí ìwé sórí ẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa kà á fún wọn. Ìbéèrè yín ni kó ṣáájú, lẹ́yìn náà ìdí tó fi ṣe pàtàkì, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é, ohun tẹ́ ẹ ti rí, kẹ́ ẹ wá fi ibi tó ti há yín parí ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ gbangba: "Àwọn dẹrẹ́bà ò fẹ́ sọ iye tí wọ́n ń mú wálé, báwo ni kí n ṣe bi wọ́n?" Irú ìbéèrè yìí ló máa ń jẹ́ káwọn tó wà níjokòó lanu sọ̀rọ̀.

Iná lè lọ o, ẹ fi PDF sórí fóònù àti fláàṣì, kẹ́ ẹ sì tẹ díẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gba Third Mainland láti Island, ẹ tètè kúrò nílé.

Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kan máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, torí àyà máa ń já ẹni tó dúró níwájú, kì í gbọ́ tán. Tí àgbà kan bá ta kò yín, "ẹ ṣé sà, màá yẹ̀ ẹ́ wò" ti tó, àfi tí dátà yín bá dá yín láre, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ gbé ìwé ìbéèrè yẹn tọ sùpáfáísọ̀ yín lọ kẹ́ ẹ jọ ṣà á. Èyí tó bá ti ẹnu ju ẹnì kan lọ jáde ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.