Bí olùtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá fi àdírẹ́sì ejẹ́ǹtì ẹrù rajà

Ọjà ti tà, owó ti wọlé. Ẹ wá wo ibi tí ẹ máa fi ẹrù ránṣẹ́ sí: ìlú kékeré kan ní Delaware, nọ́ńbà ilé, lẹ́yìn náà "Suite" pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan tí kò jọ nọ́ńbà yàrá kankan. Ilé ìkẹ́rùsí ejẹ́ǹtì nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó rà á má sí ní Amẹ́ríkà rárá. Ejẹ́ǹtì ló máa bá a gba ẹrù, tó máa kó o pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan mìíràn tó rà, tó sì máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè tó ń gbé.

Àwọn olùtajà kan máa ń fagi lé irú títà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo ejẹ́ǹtì sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ń gbé níbi tí àwọn olùtajà kì í fẹ́ fi ọjà ránṣẹ́ sí, tàbí ẹni tí owó ìfiránṣẹ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ lọ́rùn. Àdírẹ́sì yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń kó olùtajà sí gbèsè. Ẹni tó ni káàdì tí wọ́n fi sanwó ni kí ẹ wò, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe kí ẹrù tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí.

1. Ẹ mọ irú àdírẹ́sì tó wà níwájú yín

Àwọn ejẹ́ǹtì fẹ́ràn Delaware àti Oregon nítorí pé ìpínlẹ̀ méjèèjì kì í gba owó orí lórí ọjà títà. Àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà pọ̀ ní agbègbè Miami ní Florida. Ẹ tẹ àdírẹ́sì náà sínú Google, kí ẹ sì wò ó lórí máàpù. Bí ẹ bá rí ilé ìkẹ́rùsí ńlá, tí àdírẹ́sì kan náà sì wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun, ọ̀rọ̀ ti yé yín.

Èyí tó yẹ kó ba yín lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ilé gbígbé lásán, tí orúkọ orí ẹrù kò bá ti ẹni tó ń gbébẹ̀ mu. Àwọn oníjìbìtì máa ń fi iṣẹ́ àtilé-ṣe tan ènìyàn: gba ẹrù, tún un dì, fi ránṣẹ́ síbi tí a bá ní. Onítọ̀hún lè má mọ̀ pé káàdì tí wọ́n jí ni wọ́n fi ra gbogbo ohun tó ń gbà. Ejẹ́ǹtì gidi ní orúkọ àti ọ́fíìsì, ẹ sì lè pè é lórí fóònù.

2. Ẹ mọ ibi tí ààbò yín dé

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí pé ẹnu eBay (ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì), PayPal (ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì) àti báǹkì kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Lórí eBay, Money Back Guarantee tó ń dáàbò bo ẹni tó rajà kò kan ọjà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn lẹ́yìn tó ti dé ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí. Bí ẹrù bá ti wọ ilé ìkẹ́rùsí, tí àkọsílẹ̀ ìtọpasẹ̀ sì ti sọ pé ó dé, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i nínú ọkọ̀ òfuurufú, lójú omi tàbí lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ti kúrò lọ́rùn yín. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé títà gan-an lẹ fi ẹrù ránṣẹ́ sí, kí nọ́ńbà ìtọpasẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ títà náà. Bí àpapọ̀ owó bá tó 750 dọ́là, ẹnì kan gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé nígbà tí wọ́n gbé e dé. Àpapọ̀ owó ni mo wí o: owó ìfiránṣẹ́ àti owó orí wà nínú rẹ̀. Ọjà tí ẹ tà ní 710 dọ́là lè kọjá ààlà yẹn kí ẹ tó mọ̀.

Ti PayPal yàtọ̀. Ohun méjì péré ni Seller Protection, ètò tó fi ń dáàbò bo olùtajà, dá sí: kí ẹni tó rajà sọ pé ẹrù kò dé, àti kí ẹni tó ni àkáǹtì sọ pé òun kọ́ lòún sanwó. Bí oníbàárà bá sọ pé ọjà tó dé kò rí bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ètò náà kò ní gbà yín sílẹ̀. Níbẹ̀ náà, 750 dọ́là ni ààlà tó ń mú kí ìbuwọ́lùwé pọn dandan. PayPal tún sọ ọ́ kedere pé bí ẹrù bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, tí wọ́n wá yí i gba àdírẹ́sì mìíràn lọ, ààbò ti bọ́ nìyẹn, kódà bó bá jẹ́ pé ibi tó yẹ lẹ kọ́kọ́ kọ sára rẹ̀. Ẹni tó bá sì sanwó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, kí owó tí PayPal ń yọ má baà pọ̀, ti mú títà náà kúrò lábẹ́ ààbò pátápátá.

Báǹkì ló le jù. Ẹni tó fi káàdì sanwó lè gba ọ̀dọ̀ báǹkì rẹ̀ lọ láti gba owó padà, báǹkì kò sì ní í ka òfin eBay kó tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ní ti Visa, kódù 13.1 ni wọ́n fi ń pe ẹ̀sùn pé ọjà kò dé, 13.3 ni ti ọjà tí kò rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, 10.4 sì ni ti jìbìtì lórí káàdì tí wọ́n lò láìjẹ́ pé ó wà níwájú olùtajà, bíi ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ 13.1, ẹ̀rí pé ẹrù dé ilé ìkẹ́rùsí wúlò gan-an. Bó bá jẹ́ 10.4, ìwé yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́, torí ẹni tó ni káàdì ń sọ pé òun kò ra nǹkan kan, òun kò sì mọ ejẹ́ǹtì kankan.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó ń tajà lórí ìkànnì ara rẹ̀ nílò ìṣọ́ra ju ẹni tó wà lórí eBay lọ. Ohun tó lè gbà á ni 3-D Secure, èyí tí Visa ń pè ní Visa Secure, tí Mastercard sì ń pè ní Identity Check. Báǹkì oníbàárà á ní kó fi kódù tàbí áàpù rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ni. Bó bá ti yege níbẹ̀, ẹrù ẹ̀sùn jìbìtì sábà máa ń kúrò lórí olùtajà, á sì bọ́ sọ́rùn báǹkì tó fún un ní káàdì. Ẹ lò ó fún gbogbo títà tó bá ń lọ sí àdírẹ́sì ejẹ́ǹtì, bó tiẹ̀ máa lé oníbàárà kan tàbí méjì sá.

3. Ẹ yẹ ìsanwó wò kí ẹ tó di ẹrù

Ètò tó ń fi àdírẹ́sì tí ẹni tó rajà kọ wé èyí tó wà lọ́dọ̀ báǹkì, AVS, ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún káàdì láti ibòmíràn, ó sábà máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí olè, kò sì jẹ́ ẹ̀rí òótọ́. Ẹ wo àwọn nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn: ṣé orílẹ̀-èdè tí káàdì ti wá bá ibi tí ẹni tó rajà ti wọlé sórí ìkànnì mu? Ṣé ó gbìyànjú káàdì bíi mélòó kan kí ọ̀kan tó wọlé? Ṣé ó ra ohun olówó ńlá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, láìbéèrè ohunkóhun, tó sì ń fẹ́ kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ lónìí?

Bí ara yín kò bá lélẹ̀, ẹ kọ̀wé sí i pé: "Ẹ ṣeun tí ẹ ra ọjà wa. Ó dà bíi pé ejẹ́ǹtì ni yóò gba ẹrù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń lọ àti orúkọ tó wà lórí káàdì fún wa." Oníbàárà gidi á dáhùn láàárín ọjọ́ kan, ó tiẹ̀ lè fi ìwé ejẹ́ǹtì rẹ̀ ránṣẹ́. Oníjìbìtì á máa bínú, tàbí kó pòórá. Orí pèpéle títà náà gan-an ni kí ẹ ti kọ ọ́, kì í ṣe WhatsApp, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ nípa ejẹ́ǹtì máa di ẹ̀rí fún yín lọ́la.

4. Ẹ má gbà kí àdírẹ́sì yí padà

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn." Lẹ́yìn tí owó ti wọlé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: ẹ fagi lé títà náà, ẹ dá owó padà, kí ó tún un rà pẹ̀lú àdírẹ́sì tó tọ́. Bí inú rẹ̀ ò bá dùn, kò burú. Ẹrù tó bá lọ síbi tí kò sí lórí ìwé títà kò ní ààbò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni fún ìwé ìfiránṣẹ́ tí oníbàárà fúnra rẹ̀ sanwó fún, tó ní kí ẹ lẹ̀ mọ́ páálí. Àkáǹtì tirẹ̀ ni ìwé yẹn wà, ó lè yí ọ̀nà ẹrù padà nígbàkígbà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ kọ̀ ọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kiri kan ń gba ẹni tí ẹrù ń lọ bá láyè láti yí ibi tó ń lọ padà lórí áàpù. Bí ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀ ń lò bá ní ètò tí olùtajà lè fi dènà ìyẹn, ẹ lò ó fún ọjà olówó ńlá.

5. Ẹ kó ẹ̀rí jọ nígbà tí ẹ̀ ń dì í

Ẹ ya ọjà náà ní fọ́tò lójú méjèèjì, ẹ ya nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ sára rẹ̀, ẹ ya páálí kí ẹ tó dì í àti lẹ́yìn tí ẹ dì í tán. Fún ohun tó bá wọ́n, fídíò kúkúrú tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjà títí dórí ìwé ìfiránṣẹ́, láìdá a dúró, dára ju fọ́tò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí sórí ìwọ̀n, kí ẹ sì ya nọ́ńbà tó yọ. Ìwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ó wúlò ju bí wọ́n ṣe rò lọ: ejẹ́ǹtì máa ń wọn ẹrù tó bá wọlé, torí ìwọ̀n ló fi ń gba owó. Bí oníbàárà bá sọ pé páálí òfìfo ló bá, tí ìwọ̀n yín àti ti ilé ìkẹ́rùsí sì bára mu, ẹjọ́ rẹ̀ ti rọ nìyẹn.

Kí ẹ kọ kódù lẹ́yìn "Suite" ní kíkún. Àwọn sọ́fítíwíà mìíràn máa ń gé ìlà kejì àdírẹ́sì bó bá gùn jù. Bí kódù bá bọ́, ẹrù lè dé ilé ìkẹ́rùsí kó sì jókòó síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Àṣìṣe yẹn sì lè padà sọ́rùn yín, torí àdírẹ́sì tó wà lórí páálí kì í ṣe èyí tí oníbàárà fún yín.

6. Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀

Fún ẹni tó ń tajà láti Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ohun tó ń jáde nílùú, BIS, ka à sí àmì ìfura bí ìwé bá fi ejẹ́ǹtì hàn bí ibi tí ọjà ń lọ gbẹ̀yìn. Fún aṣọ àti ohun ìṣeré ọmọdé, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Fún ẹ̀rọ olóye, ẹ̀yà kámẹ́rà tó ń fi ooru ríran tàbí ohun tó lè wúlò fún ológun, ẹ béèrè ibi tó ń lọ, kí ẹ sì yẹ orúkọ ẹni tó rajà wò nínú Consolidated Screening List, ìwé orúkọ àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè lórí ọjà, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

7. Bí ẹ̀sùn bá dé

Ẹ má dákẹ́. Lórí eBay, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ ní láti dáhùn kí ẹni tó rajà tó lè ní kí eBay dá sí i. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí, láìbínú: "Ẹrù yìí dé àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé títà ní ọjọ́ báyìí báyìí. Àdírẹ́sì náà jẹ́ ti ejẹ́ǹtì ẹrù, ọjà náà sì ti kúrò níbẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn." Ẹ fi ẹ̀rí ìtọpasẹ̀, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ nípa ejẹ́ǹtì kún un. Ẹ má retí pé ẹni tó ń ka ẹjọ́ yín máa fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí ni. Ẹ fi ìkànnì ejẹ́ǹtì náà hàn án.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi ohun tí kò tọ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ ní kí oníbàárà gba fọ́tò tí ejẹ́ǹtì yà nígbà tí ẹrù wọlé. Bí àṣìṣe bá hàn nínú rẹ̀, ẹ bá a yanjú ẹ̀, yálà kí ẹ dá apá kan owó padà tàbí gbogbo rẹ̀. Kí ó dá ọjà padà láti òkè òkun lè ná ẹ̀yin méjèèjì ju iye tí ọjà náà tó lọ.

Ẹni tó bá ń gba irú oníbàárà yìí lemọ́lemọ́ lórí eBay ní Amẹ́ríkà lè dín ọ̀rọ̀ kù nípa lílo eBay International Shipping, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ẹ máa fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí eBay fúnra rẹ̀ nínú Amẹ́ríkà, eBay á sì gbé e dé òkè òkun. Bí ó bá sọnù tàbí bàjẹ́ lẹ́yìn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ni yóò dáhùn. Oníbàárà tó rí i pé ẹ̀ ń ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè òun lè má nílò ejẹ́ǹtì mọ́.

Ní ti fọ́tò, fídíò àti ìwé ìtọpasẹ̀, ẹ má tètè pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó rajà ní ọjọ́ 180 láti pe ẹjọ́ lórí PayPal. Visa sábà máa ń fún un ní ọjọ́ 120, àmọ́ lórí ẹ̀sùn pé ọjà kò dé, ọjọ́ tí ó yẹ kí ọjà dé ni wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ náà, kò sì ní ju 540 ọjọ́ lọ lẹ́yìn ìsanwó. Ẹ tọ́jú fáìlì fún ọdún kan àtààbọ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà títà pè é, kí ẹ tètè rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.