Bí mo ṣe rí ojútùú Òkígbẹ́, jagunjagun tí àdá ò ràn

Tí ẹ bá ti ṣe DM rí, ìyẹn ẹni tó ń darí eré tó sì ń ṣe àwọn ọ̀tá inú ẹ̀, ẹ á mọ ìṣòro yìí: èèyàn mẹ́rin jókòó, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ja gbogbo ìjà, àwọn tó kù ń tẹ fóònù. Dungeons & Dragons la máa ń ta, eré ìtàn tí oníkálukú ti ń ṣe akọni kan, tí dáìsì ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀, fifth edition ti 2014, ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní Agric n'Ìkòròdú níbí, ẹ̀gbọ́n yẹn náà ló wá ni jagunjagun tó ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí. Eldritch Knight ni, jagunjagun tó tún ń pidán, level 5, àwọn yòókù ló sọ ọ́ ní Òkígbẹ́ torí àdá kì í wọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ ìṣirò ẹ̀ ná. Plate, ẹ̀wù irin tó bo gbogbo ara yẹn, fún un ní Armor Class 18, ìyẹn iye tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ ju dé kó tó lè kàn án, asà fi 2 kún un, Defense, ọgbọ́n ìjà tó yàn, fi 1 lé e, ó di 21. Goblin tí mo bá rán sí i, 4 ló máa fi kún ohun tí dáìsì bá gbé jáde, ìyẹn ni pé àfi tí dáìsì olójú ogún bá já sí 17 sókè kó tó lè kàn án. Tó bá wá já sí i tínú mi dùn, ẹ̀gbọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, á ní "Shield", ìdán tó ń dáàbò boni ni, kì í ṣe asà, 5 tún wọlé, ó di 26, ó ku ogún gangan nìkan tó lè kàn án. Ó ń sú èèyàn o.

Ìmọ̀ràn táwọn èèyàn kọ́kọ́ gbà mí ni pé kí n rán nǹkan tó lágbára jù ú lọ sí i. Rárá o. Nǹkan tó bá lè ya Òkígbẹ́ lára, tó bá yíjú sí wizard (onídán) wa tí Armor Class ẹ̀ ò ju 12 lọ, òkú la máa sin lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kólè jí ẹ̀wù irin náà, ẹ̀wù tó fi 1,500 gold rà nínú eré, owó tó fi ìjà kó jọ, ilé ẹ̀ la sì ti ń ta, ìyàwó ẹ̀ ló ń se ìkọ́kọrẹ́ tá à ń jẹ, ojú wo ni n bá fi wọ ibẹ̀ mọ́?

Mo bá gba character sheet ẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ gbogbo agbára Òkígbẹ́ sí, lọ sílé, mo kà á látòkè délẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi, gbogbo agbára Òkígbẹ́ orí Armor Class ló wà. Wisdom ẹ̀, agbára ọkàn tó fi ń kọ irú àwọn ìdán kan, 8 ni, Shield yẹn sì rèé, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló lè ṣe é kó tó sùn wákàtí mẹ́jọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kò ní War Caster, ẹ̀bùn tó ń jẹ́ kéèyàn lè pidán bí idà àti asà bá tiẹ̀ kún ọwọ́ méjèèjì. Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ la fi ń ṣe Shield o. Idà wà lọ́wọ́ kan, asà wà lọ́wọ́ kejì, ọwọ́ wo lẹ wá ń fi ṣe é?" Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti lọ kàwé wá." A wá fẹnu kò pé tó bá fẹ́ ṣe Shield kó gbé asà sílẹ̀, tó bá dé level 6 kó mú War Caster.

Lẹ́yìn ìyẹn mi ò jẹ́ kí wọ́n máa sùn lẹ́yìn gbogbo ìjà mọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan fẹ́ ṣí ní ìdájí, wọ́n gbọ́dọ̀ bá a kó tó lọ, ìjà ń bẹ lójú ọ̀nà, ìjà ń bẹ létí ọ̀sà, kí wọ́n tó dé èbúté Òkígbẹ́ ti ná gbogbo Shield ẹ̀ tán. Obìnrin onídán tó ni ọkọ̀ ò tiẹ̀ gbé ọ̀kọ̀, Hold Person, ìdán tó ń mú èèyàn gan síbẹ̀, ló ṣe sí i. Wisdom nìyẹn ń wò, kò kan ẹ̀wù irin. Ẹ̀gbọ́n ju dáìsì, ó yí lọ sábẹ́ àwo ìkọ́kọrẹ́, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó: 9. Yọ 1 kúrò torí Wisdom 8 yẹn, kò tó. Òkígbẹ́ dúró gbagidi bí òpó iná, ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn tó sì gbá a, critical ni, ìyẹn ni pé dáìsì ọṣẹ́ á di ìlọ́po méjì.

Hà! Fóònù ti sọnù lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Àbúrò wa obìnrin tó ń ṣe rogue, akọni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ jà, tó jẹ́ pé ẹ lè ta odindi ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ má gbóhùn ẹ̀, ló ní òun ti gun orí àwọn àpótí ẹja, òun fẹ́ ta ọfà sí obìnrin yẹn. Ọfà wọlé, ó tún ju dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́ta ti Sneak Attack, ọṣẹ́ àfikún tí rogue ń ṣe, ó lé ní ogún lápapọ̀, mo ju dáìsì concentration fún onídán, bóyá ó lè di ìdán ẹ̀ mú lẹ́yìn ọgbẹ́ yẹn, ó já, ìdán tú. Ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ fò sókè, ó ń pariwo orúkọ ọmọ náà.

Ẹ má wá máa ṣe Hold Person ní gbogbo ìgbà o, ìyà ni yẹn ti di. Mo ṣì ń kó goblin rẹpẹtẹ fún un kí wọ́n máa gbá a lásán, torí ẹ̀ ló ṣe ra ẹ̀wù. Iṣẹ́ tó bá gba yíyọ́ rìn, àwọn yòókù ni mò ń fún, plate ò jẹ́ kí Òkígbẹ́ lè yọ́ ibì kankan lọ.

Level 6 ti sún mọ́lé báyìí, War Caster ń bọ̀. Èmi náà ti ń ka Heat Metal, ìdán tó ń sọ irin di iná, ìṣẹ́jú kan ló ń lò, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni bíbọ́ plate ń gbà. Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n.