Ìṣirò epo mọ́tò iléeṣẹ́ nínú owó oṣù ní Britain
Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣètò owó oṣù ní Britain, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbàgbé epo nígbà tí ẹ bá ń ṣírò owó-orí mọ́tò iléeṣẹ́. Bí iléeṣẹ́ bá ń san owó epo tí òṣìṣẹ́ ń lò fún ara rẹ̀, HMRC (iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba Britain) kì í wo iye epo tó jó. £28,200 ni ìpìlẹ̀ ìṣirò ọdún 2025/26. Ìdá kan nínú rẹ̀, tí èéfín mọ́tò ń pinnu, ni a ń kà sí àǹfààní òṣìṣẹ́. Bí èéfín mọ́tò bá gbé ìdá náà sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, £8,460 ni lọ́dún, ìyẹn £705 lóṣooṣù tí a ó fi kún owó tí a ó yọ owó-orí nínú rẹ̀. Ẹ forúkọ ètò yíyọ owó-orí àǹfààní yìí nínú owó oṣù sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC kí ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, tí ọdún owó-orí ń bẹ̀rẹ̀, tó pé, kí ẹ sì tètè ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ náà. Fọ́ọ̀mù P11D(b), tí iléeṣẹ́ fi ń sọ iye owó National Insurance tó jẹ lórí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fún HMRC, ṣì di dandan.